Bí ṣọ́ọ̀bù èlùbọ́ kan ní Agbowó ṣe ní oníbàárà tó ń padà wá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́

Èlùbọ́, ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì ni mò ń tà ní Agbowó, lódìkejì géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Láti ọdún 2022, nǹkan kan ṣoṣo ni mo ń ṣiṣẹ́ lé lórí: kí ẹni tó bá rajà lọ́wọ́ mi lẹ́ẹ̀kan padà wá, kó tún padà wá, kó sì mọ àwọn yòókù tó ń padà wá. Ìpolówó kò sí nínú rẹ̀. Mo tò ó ní ipele-ipele, mo fi owó tí mo ná sí i, mo fi ohun tí mo dán wò tí kò ṣiṣẹ́ sí i, kí ẹlẹgbẹ́ mi tó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré lè mọ ọ̀nà tí yóò gbà àti èyí tí kò ní gbà.

Ohun tó fà á

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gùn lé ìyanṣẹ́lódì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Àwọn ọmọ kó ẹrù wọn lọ sílé, yàrá tí wọ́n ń háyà ṣófo, àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ti ilẹ̀kùn, ọlọ́kadà ń sùn lórí ọ̀kadà lọ́sàn-án gangan. Gàrí tí kì í pẹ́ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá jókòó tì mí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń rà jù lọ́wọ́ mi, àmọ́ ibi tó sún mọ́ wọn ni wọ́n ti ń rà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ tí wọ́n lọ, kò sí orúkọ wọn lọ́wọ́ mi, kò sí nọ́ńbà. Síbẹ̀ àwọn kan kò yé wá ní gbogbo àkókò yẹn. Màmá olóúnjẹ kan láti Orógun. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jọ ń gbé ní Bódìjà, tí wọ́n ń kọjá ọjà Bódìjà gan-an kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Kí ló ń gbé wọn kọjá ọjà tó tóbi tó bẹ́ẹ̀? Mo ní kí n wádìí rẹ̀.

Ipele 1: ìwé ńlá

Irinṣẹ́: ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, ₦1,200 nígbà yẹn, rúlà, bírò dúdú àti pupa.

Mo fa òpó mẹ́fà: ọjọ́, orúkọ, ohun tí wọ́n rà, ìwọ̀n rẹ̀, owó, àti òpó gbígbòòrò kan fún ọ̀rọ̀. Orúkọ tí àdúgbò ń pè wọ́n ni mò ń kọ: Ìyá Ìbejì, Bàbá Tíṣà, Màmá Ológì. Ohun tí wọ́n bá fẹnu ara wọn sọ ló ń wọ òpó ọ̀rọ̀: "ọkọ kò fẹ́ èlùbọ́ tó bá dúdú jù", "ẹ̀wà lọ́jọ́ Jímọ̀", "àwọn àna ń bọ̀ níparí oṣù".

Mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n léèrè, mo ń kọ ọ́ lójú wọn. Kò ṣiṣẹ́ rárá. Màmá kan ní, "Ṣé ìjọba lẹ fẹ́ kó orúkọ wa fún ni?" Ó gbé ọ̀rá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, wọ́n á lọ tán kí n tó kọ ohunkóhun. Orúkọ nìkan ni mò ń béèrè, a ó sì ti rí ara wa bí ẹ̀ẹ̀mejì kí n tó béèrè rẹ̀.

Nígbà tí ojú ewé bẹ̀rẹ̀ sí í kún, mo rí ohun tí ojú lásán kò lè rí. Àwọn oníbàárà tí iye wọn kò tó ogójì ni wọ́n ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà dúró. Wọn kì í ra àpò. Kílò méjì, kílò mẹ́ta ni wọ́n ń rà, àmọ́ wọn kì í yẹ ọjọ́ wọn.

Màmá olóúnjẹ Orógun, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Jímọ̀ ni tirẹ̀. Mo ṣí ìwé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí i pé Jímọ̀ kan ti kọjá, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ti kọjá, Jímọ̀ mìíràn tún ti kọjá, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Mo béèrè ilé rẹ̀, mo lọ kí i. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún mi lómi mu. Ó ní kò sí ìjà láàárín wa. Èlùbọ́ tí òun rà kẹ́yìn, bí òun bá rò ó tán tó bá tutù díẹ̀, omi ló ń yọ nínú rẹ̀, àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ òun sì ti ń ráhùn. Òun kò fẹ́ fi ìyẹn bá mi lọ́kàn jẹ́, ni òun ṣe yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìwé yẹn ni kò jẹ́ kí n pàdánù rẹ̀. Ẹni tí ọjà kò bá tẹ́ lọ́rùn kì í sábà pariwo, ó kàn ń gba ọ̀nà ibòmíràn ni. Ẹni tí kò bá ní àkọsílẹ̀ á máa rò pé ọjà ló dá.

Ipele 2: ọjà àti òṣùwọ̀n

Ipele yìí ló gba owó àti àsìkò jù, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Kò sí bí a ṣe lè fi fóònù tàbí ẹ̀rín mú oníbàárà dúró tí èlùbọ́ bá yàtọ̀ lọ́sẹ̀ yìí sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Láti Òkè-Ògùn, ní ìhà Ṣakí, Ìgbòhò àti Kíṣí, ni èlùbọ́ iṣu ti ń wọ Ìbàdàn. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná tí kò tíì hó, wọ́n á fi í sínú omi yẹn di ọjọ́ kejì, wọ́n á wá sá a sóòrùn. Gbọdọ nìyẹn. Oòrùn ló ń pinnu bí yóò ṣe rí. Ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń gbẹ dénú, bí a bá ṣẹ́ ẹ, á dún. Ti ìgbà òjò lè gbẹ lójú kí inú rẹ̀ ṣì tutù, tó bá ti wọ àpò, nǹkan á hù sí i lára, òórùn rẹ̀ á yí padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ èlùbọ́ tán, wọ́n á po láfún mọ́ ọn kó lè pọ̀. Ojú kì í tètè mọ̀ ọ́n nínú àpò. Ìkòkò ló ń tú àṣírí rẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi èlùbọ́ lílọ̀ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbọdọ ní Bódìjà, èmi fúnra mi ni mò ń gbé e lọ sílé ọlọ. Màá ṣẹ́ ẹ, màá gbóòórùn rẹ̀, màá wo àárín rẹ̀. Owó ọlọ àti owó ọkọ̀ kún un, àmọ́ mo mọ ohun tó wà nínú àpò mi.

Lẹ́yìn náà, mo ra gáàsì kékeré oníkílò 3 àti ìkòkò kan, mo gbé wọn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá ti lọ àpò kan tán, ife kan á jáde nínú rẹ̀. Omi á hó, màá da èlùbọ́ sí i, màá fi orógùn rò ó, màá bu omi gbígbóná sí i, màá dé e kó jinná, màá tún un rò. Màá wá gbé e sílẹ̀ fún wákàtí kan. Wákàtí kan yẹn ni ìdánwò náà gan-an. Kò sí àmàlà tó gbóná tí kò dára lójú. Èyí tó bá tutù tí kò yọ omi, tí kò gan, tí kò sì fà yọ̀ọ̀, àpò rẹ̀ ti yege. Màá fún àpò náà ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn á sì wọ ìwé ńlá gẹ́gẹ́ bí òpó keje. Ẹ má fojú kékeré wo òpó keje yìí, ẹ ó rí iṣẹ́ tó ṣe níwájú.

Ó wá ku kóńgò. Ẹni tó bá ti nájà ní Ìbàdàn mọ kóńgò tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Ó sì mọ ọwọ́ tó ń bu èlùbọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kó má bàa kún dénú. Mo ra sikéèlì, ₦17,500, mo gbé e síbi tí ojú rẹ̀ yóò ti kọjú sí ẹni tó ń rà, kì í ṣe èmi. Mo kọ ìwọ̀n àti owó sí pátákó: kílò 1, kílò 2, kílò 5. Pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, ₦3,000.

Mo rò pé inú wọn á dùn. Wọn kò fẹ́ ẹ. Kóńgò ní òkè, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń ga. Sikéèlì kò ní òkè. Ìyá Ìbejì dúró, ó ń wo nọ́ńbà orí rẹ̀ títí tó fi dé 2.00, ó wá ní, "Àǹtí, ó dáa o. Ṣùgbọ́n ènì ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ. Ènì kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọjà pọ̀ sí i, ọ̀wọ̀ ni. Ẹni tí kò bá fún èèyàn ní ènì ti sọ fún un pé owó nìkan ló pa àwọn méjèèjì pọ̀. Mo tún un ṣe báyìí: sikéèlì á kọ́kọ́ dé ibi tó yẹ kó dé, màá dúró díẹ̀ kí wọ́n rí i, lẹ́yìn náà ni màá fi ọwọ́ bu ènì lé e. Wọ́n á rí nọ́ńbà bó ṣe ń kọjá 2.00. Nǹkan bíi gíráàmù 30 lórí kílò kan, ìyẹn mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì ti fi í sínú ìṣirò owó ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún béèrè kóńgò lọ́wọ́ mi mọ́. Mo padà lọ sí Orógun pẹ̀lú kílò kan láti inú àpò tó yege, mo ní kí Màmá rò ó wò kó tó san kọ́bọ̀. Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dé.

Ipele 3: nígbà tí owó wọ́n

Báǹkì àpapọ̀, CBN, yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n fi gbèdéke owó àtijọ́ sí, wọ́n sún un sí ọjọ́ 10 oṣù Kejì. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dájọ́ pé kí a máa ná owó àtijọ́ lọ di ìparí ọdún. Láàárín gbèdéke sí ìdájọ́, ẹ rántí bó ṣe rí: èrò lẹ́nu ATM láti òru, àwọn oní-POS ń fi owó ta owó, tíráńsífà á kúrò lọ́wọ́ ẹni kò sì ní dé ibi tó ń lọ.

Ìwé ńlá ló ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ti pẹ́ níbẹ̀, tí mo mọ iye tó máa ń rà lọ́sẹ̀, mo ní kó gbé e lọ, kó san án nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà. Òfin mẹ́ta ni mo fi dè é. Ìwọ̀n ọ̀sẹ̀ kan ni, kò ní jù bẹ́ẹ̀. Kò sí àwìn kejì kí ti àkọ́kọ́ tó wọlé. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, màá bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò ṣeé ṣe.

Bí mo ṣe ń béèrè gbèsè náà wà lára iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. N kì í fi ọ̀rọ̀ gbèsè ránṣẹ́ lórí fóònù, torí pé ọmọ tàbí ọkọ lè kà á. Mo máa ń pè ni: "Màmá, ẹ kú àsìkò yìí o. Mo ní kí n kí yín, kí n béèrè àlàáfíà." Wọ́n ti mọ ohun tí mo pè fún, àwọn fúnra wọn ni yóò sì dá a sílẹ̀. N kò dárúkọ onígbèsè létí oníbàárà mìíràn rí, ìwé náà kì í sì í ṣí sílẹ̀ lórí kántà. Ẹni méjì kò san tiwọn dòní. Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sí àdánù, mo pa ojú ewé náà dé. Àwọn yòókù san pé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú aládùúgbò wọn wá: "Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ tó gbà wá nígbà tí owó wọ́n nìyí."

Ipele 4: fóònù

Ọdún náà gan-an ni mo dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀. Mo kó gbogbo wọn síbẹ̀. Ìbò ààrẹ jẹ́ ọjọ́ 25 oṣù Kejì, kí á tó dìbò rárá ni àwọn olóṣèlú ti gba ibẹ̀. Ẹni tó fẹ́ béèrè iye ẹ̀wà á já sínú ìjà. Àwọn àgbà ń jáde níkọ̀ọ̀kan. Àwọn tó kù ń fi àdúrà àràárọ̀ ránṣẹ́, ogún lóòjọ́. Àdúrà dára, àmọ́ iye ọjà bọ́ sábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Mo tì í pa.

Mo wá lo àtòjọ broadcast, èyí tí ìsọfúnni á ti lọ sọ́dọ̀ kálukú lọ́tọ̀. Mo fi iye ẹ̀wà ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo tẹ message info, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò tilẹ̀ rí i gbà. Ohun tó fà á rọrùn: broadcast kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò bá tíì tọ́jú nọ́ńbà ẹni tó fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Àwọn wà lórí fóònù mi, èmi kò sí lórí tiwọn. Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀: àtòjọ kan kì í gbà ju èèyàn 256 lọ, ẹ óò dá òmíràn sílẹ̀ tó bá kún.

Àtúnṣe rẹ̀ wà lórí kántà. Bí mo bá ti ń so ọ̀rá, màá ní, "Ẹ bá mi tọ́jú nọ́ńbà mi, ẹ kọ ọ́ ní Èlùbọ́ Agbowó." Màá dúró kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, màá bá a tẹ̀ ẹ́ tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni màá tún béèrè bóyá wọ́n fẹ́ kí n máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti orílẹ̀-èdè yìí jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìyọ̀ǹda sì wà lára ohun tó sọ. Ká tilẹ̀ ní kò sí òfin, nọ́ńbà èèyàn kì í ṣe ohun tí à ń kó kiri. Ẹni tó bá ní òun kò fẹ́, mo ń fa ìlà sí nọ́ńbà rẹ̀.

WhatsApp Business ni mo ń lò, torí pé ó ní label, àmì tí a fi ń pín oníbàárà sí ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Mo pín wọn sí mẹ́rin: Olóúnjẹ, Ilé, Akẹ́kọ̀ọ́, Àjọ. Olóúnjẹ fẹ́ mọ̀ bí iye àpò bá fẹ́ gòkè. Akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ mọ̀ iye gàrí kílò kan. Àwọn àgbà kì í fẹ́ kàwé lórí fóònù, ohùn ni mò ń fi ránṣẹ́ sí wọn, kò sì gbọdọ̀ gùn: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́ ni. Gbọdọ Ṣakí dé, a ti rò ó wò, kò yọ omi. Kílò kan, iye báyìí ni. Ẹ kú ìmúra ọ̀la." Ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun Asiri ló ń lọ, nítorí Sátidé àti Sọ́ńdè ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń rokà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ péré. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bá fi ránṣẹ́ léraléra, àwọn kan á ní kí n yọ àwọn kúrò.

Ipele 5: àjọ Iléyá

Títí di ibí yìí, èmi àti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Wọn kò tíì mọ ara wọn. Àjọ ló so wọ́n pọ̀, ọ̀nà tó sì gbà so wọ́n kì í ṣe èyí tí mo gbèrò.

Oṣù Kẹta ọdún 2023 ni a bẹ̀rẹ̀. ₦1,000 lọ́sẹ̀, káàdì kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan (títẹ káàdì àádọ́ta, ₦4,000), àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí kò da pọ̀ mọ́ owó ọjà mi. Tí Iléyá bá ku díẹ̀, kálukú á gba èlùbọ́ kílò 4, ìrẹsì kílò 5, ẹ̀wà kílò 2 àti òróró. Mo kọ ìwọ̀n yẹn sẹ́yìn káàdì. Ẹni tó bá ti wà nínú ìwé ńlá nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún, wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà tó jẹ́ nǹkan bíi ₦185 gòkè lọ sí nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Owó ọkọ̀ láti Òkè-Ògùn gòkè, ìrẹsì gòkè, òróró gòkè. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ni Iléyá. Mo ti ra èlùbọ́ àti ẹ̀wà sílẹ̀, àmọ́ mi ò tíì ra ìrẹsì, mi ò tíì ra òróró, owó tó kù lákáǹtì kò sì lè ra iye tó wà lẹ́yìn káàdì mọ́.

Mo pè wọ́n jọ ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan níwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo yá bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ telọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo sọ bó ṣe rí. Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ gbé ìwé náà wá, ká jọ kà á." Mo gbé e jáde: owó tó wọlé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ohun tí mo rà, rìsíìtì, ìyókù. Bàbá fi awò sójú, ó kà á sókè láti òkè délẹ̀, ó sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tún un ṣírò lórí fóònù rẹ̀. Ó bára mu.

Ìgbà yẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀, tí kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹnì kan ní kí kálukú fi owó kún un. Ìyá Ìbejì ní òun kò ní. Màmá Ológì ní ta ló fẹ́ jẹ ìrẹsì kílò márùn-ún nígbà tí ẹnì kejì kò rí jẹ? Wọ́n fẹnu kò sí i pé kí ìrẹsì gbogbo èèyàn di kílò 3, kí òróró di ìdajì, kí ẹnikẹ́ni má san kọ́bọ̀ sí i. Mo ní kí n fi èrè mi sílẹ̀ lórí àjọ náà. Bàbá Tíṣà kọ̀, ó ní ẹni tí kò bá jèrè lọ́dún yìí kò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tó ń bọ̀. Wọ́n dín èrè mi kù sí ìdajì.

Bí wọ́n ṣe ń tú ká ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹran. Nínú Ìsìláàmù, èèyàn méje lè dá owó pa màlúù kan. Wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n pé méje, èmi kò sí nínú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Telọ tó yá wa ní bẹ́ǹṣì gba iṣẹ́ aṣọ ọdún lọ́wọ́ mẹ́ta nínú wọn. Ọlọ́kadà tó ń ra gàrí lọ́dọ̀ mi ló ń gbé ọjà lọ fún àwọn àgbà, wọ́n sì ń fún un lówó láàárín ara wọn. Bí ẹ bá ń wá àmì pé oníbàárà ti di ẹgbẹ́, ibẹ̀ ló wà: nígbà tí wọ́n bá ń ṣe fún ara wọn ohun tí kò kan ọjà yín rárá.

Ohun tí a yí padà nínú àjọ láti ìgbà náà: owó náírà ló ń wà lẹ́yìn káàdì, ìwọ̀n kò sí níbẹ̀ mọ́. Owó tó bá wọlé kò gbọdọ̀ sùn ní àkáǹtì kọjá ọ̀sẹ̀ kan kó tó di ọjà. Èlùbọ́ là ń rà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí gbọdọ bá pọ̀ tó sì gbẹ. Ẹ̀wà là ń fi sínú àpò PICS, èyí tó ní ọ̀rá méjì nínú àpò kan. Tí a bá so ẹnu wọn níkọ̀ọ̀kan dáadáa, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà wọlé, kòkòrò á kú láìfi oògùn kankan sí i. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, àmọ́ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti kìlọ̀ léraléra nípa oògùn apakòkòrò tí àwọn kan ń fọ́n sí ẹ̀wà, n kò sì ní ta ohun tí n kò lè jẹ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn mẹ́ta nínú ọmọ ẹgbẹ́ ló ń yẹ ìwé wò lóṣooṣù. Àjọ Kérésìmesì ti wà pẹ̀lú, àwọn kan sì ń dá méjèèjì.

Ipele 6: àpò tó ní iyanrìn

Nínú òjò ọdún náà, gbọdọ tó dára ṣọ̀wọ́n, mo ra àpò èlùbọ́ lílọ̀ kan. Ó yege nínú ìkòkò, kò yọ omi, àwọ̀ rẹ̀ dára. Ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì pè mí ní Sọ́ńdè: "Àǹtí, ó ń ro kẹ́kẹ́ lẹ́yín." Mo bu díẹ̀ sínú omi tútù nínú ife gíláàsì, mo rò ó, mo dà á nù díẹ̀díẹ̀. Iyanrìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kù nídìí ife.

Òpó keje ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo wo nọ́ńbà àpò náà, mo rí gbogbo ẹni tó rà nínú rẹ̀, mo pè wọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní kí wọ́n má rò ó mọ́, ọlọ́kadà á gbé òmíràn wá. Ìyókù àpò náà padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún mi. Àdánù mi lórí rẹ̀, àti owó ọ̀kadà, jẹ́ nǹkan bíi ₦14,000. Méjì nínú àwọn tí mo pè sọ fún mi pé àwọn ti rí iyanrìn náà láti àná, àwọn kàn ń wò ó ni. Ẹ ti mọ ohun tí "à ń wò ó" máa ń yọrí sí. Láti ìgbà yẹn, ife gíláàsì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò: ìdánwò omi tútù kọ́kọ́, kí ti omi gbígbóná tó tẹ̀ lé e.

Ipele 7: àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Wọ́n padà lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì, mo sì fẹ́ kí èyí yàtọ̀. Ẹni tó bá ń parí ẹ̀kọ́, mo ń béèrè ibi tó ń lọ. Èkó ni ọ̀pọ̀ ń lọ, wọ́n sì ń ráhùn èlùbọ́ ibẹ̀. Kílò 5 là ń fi ránṣẹ́: ọ̀rá méjì lọ́kàn ara wọn, àpò kékeré lóde, orúkọ àti nọ́ńbà olùgbà lójú méjèèjì pẹ̀lú bírò tí omi kì í pa. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń gbé wọn lọ sí gáréèjì Ìwó Road lápapọ̀, torí pé ẹrù márùn-ún pọ̀ máa ń dín owó waybill, ìyẹn owó tí ọkọ̀ ń gbà láti gbé ẹrù, kù fún kálukú. Màá ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀, màá fi ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà dírẹ́bà kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹni tó bá ń wá Ìbàdàn kí òbí rẹ̀, tó sì ń fi ọkọ̀ ojú irin Mọ́níyà padà, á ní kí n so tirẹ̀ sílẹ̀ kó wá gbé e.

Àwọn tuntun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọmọ 100 level kò mọ bí a ṣe ń ro àmàlà. Wọ́n á rà á lẹ́ẹ̀kan, kókó á kún inú rẹ̀, wọ́n á ní èlùbọ́ ni kò dára. Níbẹ̀rẹ̀ sáà ìkẹ́kọ̀ọ́, mo ń gbé ìkòkò ìdánwò síwájú ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán Sátidé. Màmá olóúnjẹ Orógun ló ń kọ́ wọn, mo ń fún un ní kílò 5 fún iṣẹ́ náà. Mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan ni, kálukú sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ di orógùn mú. Ife omi mẹ́ta sí ife èlùbọ́ méjì ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, a ń bu omi díẹ̀ sílẹ̀ kí èlùbọ́ tó wọ inú ìkòkò, torí òun la ó fi dẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Wọ́n á jẹ èyí tí wọ́n rò. Ọbẹ̀ ewédú àti gbẹ̀gìrì wà lọ́wọ́ Màmá, wọ́n á ra ìyẹn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n á tọ́jú nọ́ńbà sórí fóònù wọn: Èlùbọ́ Agbowó. Orúkọ wọn á wọ ìwé ní alẹ́.